Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ọpọlọ: Kí Ni Le Plateau Ń Dúró Dè?

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìròyìn kan jáde láti ilé ìwòsàn Massachusetts General ní ìlú Boston tó ta àwọn dókítà ọpọlọ jí káàkiri ayé. Ọkùnrin ẹni ọdún 72 kan ní glioblastoma, èyí tó le jù lọ nínú àwọn jẹjẹrẹ tó máa ń hù nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, àìsàn náà sì ti padà. Àwọn olùwádìí fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n yọ irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n ń pè ní T-cell nínú rẹ̀, wọ́n tún un ṣe nínú yàrá ìwádìí kó lè dá jẹjẹrẹ náà mọ̀, wọ́n sì dà á padà sínú omi tó wà láàárín ọpọlọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kókó náà ti fi 18.5 nínú 100 dín kù. Nígbà tó di ọjọ́ 69, ó ti fi 60.7 nínú 100 dín kù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà.

Ẹni tó bá ti tọ́jú glioblastoma rí mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ìdánwò tí Marcela Maus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Boston. Lára obìnrin ẹni ọdún 57 tó wà nínú wọn, kókó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àìsàn náà padà sára àwọn méjì. Ní oṣù kan náà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania gbé àbọ̀ tiwọn jáde lórí aláìsàn mẹ́fà, ilé ìwòsàn City of Hope ní California sì gbé tirẹ̀ jáde lórí àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ti kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣí díẹ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí báyìí ni ẹni tó bá fẹ́ wọlé ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìwádìí tó ń lo agbára ìdènà àrùn inú ara láti bá jẹjẹrẹ ọpọlọ jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Boston àti California nìkan, àti pé ibi tó yẹ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti pinnu ohun tó máa ṣe sí i ni Le Plateau, ní Abidjan. Ibẹ̀ ni olú-iléeṣẹ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà, èyí tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà 54 jọ ní ìpín nínú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ ìjọba Côte d'Ivoire tó ń bójú tó ìlera wà. Àdúgbò kan náà ni owó àti àṣẹ jọ ń gbé.

Glioblastoma kò wọ́pọ̀ bíi jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹnu ilé ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí èèyàn mẹ́ta nínú 100,000 ló ń ní in lọ́dún. Ṣùgbọ́n ó yára, kì í sì í wo ojú olówó. Òun ló pa Beau Biden, ọmọ Joe Biden, ní 2015, àti Sẹ́nétọ̀ John McCain ní 2018. Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, Tessa Jowell, tó ti ṣe mínísítà ní Bìrìtìkó, kú nípasẹ̀ jẹjẹrẹ ọpọlọ, lẹ́yìn tó dìde ní ilé aṣòfin láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀ lè wọ inú ìdánwò oògùn tuntun.

Ìtọ́jú tí ayé ń lò fún un títí di òní ti lé ní ogún ọdún. Ní 2005, Roger Stupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 573 jọ, wọ́n sì fi hàn pé bí wọ́n bá ń fún wọn ní oògùn temozolomide pẹ̀lú ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdajì wọn á kọjá oṣù 14.6. Ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan kò kọjá oṣù 12.1. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni èrè yẹn. Ohun tó fún àwọn dókítà nírètí jù ni pé àwọn tó lo ọdún méjì láyé gòkè láti 10.4 sí 26.5 nínú 100. Gbogbo ohun tí ayé ti gbìyànjú lẹ́yìn ìgbà náà, orí òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n ń gbé e sí.

Nílé wa, àìsàn yìí máa ń wọlé bí ẹni pé nǹkan mìíràn ni. Orí á máa fọ́ni láàárọ̀, èébì á máa gbéni, ọ̀rọ̀ á máa sọnù lẹ́nu ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìwà á yí padà, ọwọ́ kan á máa rọ. Nígbà mìíràn, gìrì ni yóò mú àgbàlagbà tí kò ní wárápá rí. Ọ̀pọ̀ ìdílé á sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn á máa tọ́jú ibà. Kò sí ìdílé tó yẹ kí a bú fún èyí, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó di mímọ̀ ní gbogbo agbo ilé pé àgbàlagbà tí gìrì mú fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé iwájú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, kíákíá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá sọnù níbẹ̀ kò ṣeé rà padà.

Báwo wá ni ara ṣe lè bá jẹjẹrẹ tirẹ̀ jà? Ara ènìyàn ní ọmọ-ogun tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, T-cell sì wà lára àwọn tó gbóná jù nínú wọn. James Allison ní Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ní Jàpáànì rí i pé ìjánu wà lára T-cell tí kì í jẹ́ kó bínú kọjá ààlà, wọ́n sì fi hàn pé bí wọ́n bá tú ìjánu náà, T-cell á kọjú sí jẹjẹrẹ. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn bíi nivolumab àti pembrolizumab ti inú ìmọ̀ yẹn jáde, wọ́n sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé á rántí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Ní 2015, ó kéde pé jẹjẹrẹ awọ ara ti tàn dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ òun. Ó gba pembrolizumab pẹ̀lú ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì gbé ayé títí di oṣù kejìlá 2024, lẹ́yìn tó pé 100 ọdún.

Ìtàn Carter ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọpọlọ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wọ ọpọlọ yàtọ̀ sí èyí tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ bí. Nígbà tí wọ́n gbé nivolumab fún àwọn tí glioblastoma tún padà sára wọn, aláìsàn 369 ló wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì àwọn tó gba nivolumab kọjá oṣù 9.8, ìdajì àwọn tó gba bevacizumab, oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, kọjá oṣù 10.0. Kò sí èrè kankan. Ìdánwò ńlá méjì mìíràn tí wọ́n fi nivolumab ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn náà kò yọrí sí rere bákan náà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àjẹsára rindopepimut. Àmì kan tí wọ́n ń pè ní EGFRvIII, tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì glioblastoma kan, ni wọ́n ṣe é láti dojú kọ. Aláìsàn 745 láti orílẹ̀-èdè 22 ni wọ́n kó jọ. Ní 2016, wọ́n dá ìdánwò náà dúró: oṣù 20.1 fún àwọn tó gbà á, oṣù 20.0 fún àwọn tí kò gbà á. Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ kókó tó hù padà wò ṣe pàtàkì ju iye oṣù lọ: lára ọ̀pọ̀ wọn, àmì náà kò sí mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ní àmì ti kú, èyí tí kò ní àmì ló ń bí sí i.

Ibí yìí ni ìṣòro náà fìdí kalẹ̀ sí. Nínú kókó glioblastoma kan ṣoṣo, oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé pọ̀, ohun tó pa ọ̀kan kò ní ran èkejì. Ògiri wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn kọjá. Kókó náà sì mọ bó ṣe ń gba àwọn ọmọ-ogun tó bá ní àyíká rẹ̀: macrophage àti microglia, tó yẹ kó máa gbé e mì, á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ní 2018, Peter Fecci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke tún ṣàlàyé ohun kan tó ti ń rú àwọn dókítà lójú, ìyẹn ìdí tí T-cell fi máa ń ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n há mọ́, tí wọn kò rí ọ̀nà jáde wá jà.

Oògùn tí a fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́ pàápàá ń dá kún un. Dexamethasone ni wọ́n máa ń fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú, ó sì máa ń mú ìtura wá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà ń rọ àwọn ọmọ-ogun ara lágbára, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdánwò kì í fi gba ẹni tó ń lo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní àwọn ọjà wa, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé dókítà kó tó tà á. Ọ̀pọ̀ ará Abidjan mọ Roxy ní Adjamé, ọjà oògùn tí ìjọba wó ní 2017. Ẹni tó bá ti ń ra dexamethasone lójú pópó fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé kókó wà lórí rẹ̀ lè ti ti ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀.

Níbo ni ìwádìí wá ń lọ báyìí? Ọ̀nà tó lágbára jù ni ti T-cell tí wọ́n tún ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní CAR-T. Ohun tó yí padà ni pé wọn kò fi àmì kan ṣoṣo mọ ọ̀tá mọ́. Stephen Bagley, Donald O'Rourke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Pennsylvania ṣe T-cell tó ń wá àmì méjì, EGFR àti IL13Rα2, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fi í sínú omi ọpọlọ dípò ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ní 2025, wọ́n gbé àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 18. Nínú àwọn 13 tí kókó wọn ṣeé wọ̀n, ó dín kù lára nǹkan bí 62 nínú 100. Kókó tó dín kù kò túmọ̀ sí ẹni tó yè. Ọ̀pọ̀ wọn ló hù padà. Ṣùgbọ́n fún àìsàn tí kì í fà sẹ́yìn rárá, nǹkan ńlá ni.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n fúnni ní oògùn kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, nígbà tí kókó ṣì wà níbẹ̀ tí T-cell á lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Ní 2019, Timothy Cloughesy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dán pembrolizumab wò lára aláìsàn 35 tí àìsàn tún padà sí lára. Ìdajì àwọn tó gbà á ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀ kọjá oṣù 13.7; ìdajì àwọn tó gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìkan, oṣù 7.5. Oògùn kan náà ni, àkókò ló yàtọ̀. Ìmọ̀ yìí ló mú kí Richard Scolyer, onímọ̀ jẹjẹrẹ ní Ọsirélíà, gbà ní 2023 kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Georgina Long fún òun ní àkópọ̀ oògùn ìmúnotẹ́rápì, ìyẹn irú oògùn tó ń ta ọmọ-ogun ara jí, kí wọ́n tó ṣí orí òun. Àyẹ̀wò fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ajagun pọ̀ sí i nínú kókó rẹ̀ lẹ́yìn oògùn náà. Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí kò rí àìsàn náà mọ́, kó tó kéde ní oṣù kẹta 2025 pé ó ti padà. Akin ni ọkùnrin náà. Àmọ́ ara ẹnì kan kò tó ẹ̀rí, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀.

Àjẹsára DCVax-L wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ àti ẹran kókó rẹ̀ ṣe. Àbọ̀ tí Linda Liau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2022 lórí aláìsàn 331 sọ pé ó fi oṣù díẹ̀ kún ẹ̀mí: 19.3 sí 16.5 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn náà. Ìwé ìròyìn yìí rọ òǹkàwé láti ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, nítorí pé aláìsàn inú àwọn ìdánwò mìíràn ni wọ́n fi ṣe ìfiwéra, wọ́n sì yí ohun tí ìdánwò náà fẹ́ wọ̀n padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Jàpáànì, ìjọba fọwọ́ sí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n tún ṣe láti máa pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ ní 2021, lórí ìdánwò tí aláìsàn 19 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún mú ẹ̀rí sí i wá. Ní Florida, Elias Sayour àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo mRNA tí wọ́n fà jáde láti inú kókó aláìsàn. Lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára ajá mẹ́wàá, wọ́n fún aláìsàn mẹ́rin, àwọn ọmọ-ogun ara wọn sì ta gìrì láàárín wákàtí 48.

Aláìsàn mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, 18, 19: iye yìí kéré, ó sì yẹ kí gbogbo àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ronú lé e lórí. Ní ìpele yìí, ilé ìwòsàn tó bá mú aláìsàn mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa wá ti di alábàáṣiṣẹ́. Bí oògùn bá ti jáde tán, oníbàárà la máa jẹ́.

Ṣé àwa ní ohun tí a lè mú wá? Ní 1962, Latunde Odeku, tí ìdílé rẹ̀ ti Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ wá, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wá dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kú ní 1974, kò tíì pé ọmọ 50 ọdún. Láàárín ọdún 12 yẹn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Adelola Adeloye ń ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, débi pé ìwé ìṣègùn jákèjádò ayé fi orúkọ àwọn méjèèjì pe kókó kan tó máa ń wà lórí àwùjẹ̀ orí ọmọdé. Nínú ìtò kókó ọpọlọ tó jáde láti Ìbàdàn nígbà náà, ti inú awọ tó bo ọpọlọ pọ̀ ju bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lọ, glioma sì kéré sí tiwọn. Ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn aláwọ̀ funfun ń ní glioblastoma ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn aláwọ̀ dúdú.

Kí ló fà á? Ṣé ohun kan wà nínú ara wa tó ń dáàbò bò wá, tí ìwádìí lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀? Àbí ọ̀pọ̀ ń kú sílé láìdé iwájú ẹ̀rọ MRI? Ìbéèrè yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún nílẹ̀. Ìtọ́jú tó gbára lé ọmọ-ogun ara kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó dá, nítorí pé ọmọ-ogun ara ẹni tó ti ń bá ibà jà láti kékeré kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó dàgbà ní Boston. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìdánwò oògùn tó ń lọ láyé, èyí tó ń wáyé ní Áfíríkà kò tó 5 nínú 100.

Àwọn kan á sọ pé agbára wa kò gbé e. Kí wọ́n jọ̀wọ́ gba orí afárá Houphouët-Boigny kúrò ní Le Plateau, kí wọ́n sọ̀ sí Treichville, níbi tí àwọn ará Èjìgbò láti Nàìjíríà ti ń ṣòwò láti ìgbà Faransé. Ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà níbẹ̀ ni ètò ìwádìí PAC-CI fi ṣe ibùdó, òun ló sì wà lẹ́yìn ìdánwò Temprano. Serge Eholié, Christine Danel, Xavier Anglaret àti ẹgbẹ́ wọn tọ́jú èèyàn 2,056 tó ní kòkòrò HIV ní Abidjan, láti mọ̀ bóyá ó sàn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀ tàbí kí wọ́n dúró. Àbọ̀ náà jáde ní 2015: ewu àìsàn líle àti ikú fi 44 nínú 100 dín kù fún àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìlànà rẹ̀ padà, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró. Àwọn olùwádìí Abidjan ló ran ayé lọ́wọ́ láti rí i bẹ́ẹ̀, lórí ẹ̀jẹ̀ àti sùúrù àwọn ará Abidjan. Ní ìgbà kan, wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ HIV pẹ̀lú le jù fún Áfíríkà.

Owó ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó tóbi. Nígbà tí CAR-T àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017, fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, 475,000 dọ́là ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2023, Íńdíà fọwọ́ sí NexCAR19, CAR-T fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ IIT Bombay àti ilé ìwòsàn Tata Memorial fúnra wọn ṣe, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ti Amẹ́ríkà. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé wọn kò dúró de ẹni tó máa tà á fún wọn. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì ń hù. Ní ti mRNA, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá ibùdó ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Cape Town láti 2021, Nàìjíríà àti Senegal sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2022 láti gba ìmọ̀ náà. Àjẹsára kòrónà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni Sayour ń lò ní Florida.

Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ Akinwumi Adesina, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó darí rẹ̀ láti 2015 sí 2025, báńkì náà ṣèlérí ó kéré tán bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá fún ṣíṣe oògùn àti àjẹsára nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2022, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Kigali, láti máa ran àwọn iléeṣẹ́ lọ́wọ́ gba ìmọ̀ ìpòògùn. Sidi Ould Tah, ọmọ Mauritania, ló jókòó sórí àga náà láti oṣù kẹsàn-án 2025. Ó dára kí ilé ìpòògùn pọ̀. Àmọ́ ilé ìpòògùn láìsí ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn wò á máa ṣe ohun tí ẹlòmíràn ti pinnu ni. Ìwé ìròyìn yìí fẹ́ kí apá kan nínú owó náà lọ sí ibùdó ìdánwò jẹjẹrẹ, kí wọ́n sì dárúkọ jẹjẹrẹ ọpọlọ sínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tí ibà ṣì ń pa ọmọdé, ṣé glioblastoma ló kàn? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ gbá a dànù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹ̀rọ MRI, yàrá iṣẹ́ abẹ, onímọ̀ tó ń yẹ ẹran ara wò, ìtànṣán, ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí jẹjẹrẹ ọpọlọ nìkan ń lò. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kún àwọn tí pembrolizumab wà fún nínú ìtò oògùn kòṣeémánìí rẹ̀. Àìsàn yẹn ń pa àwọn ìyá wa lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ aláìsàn tó ń gba oògùn ìmúnotẹ́rápì fún ọpọlọ á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìyá náà.

Ìpìlẹ̀ díẹ̀ sì ti wà. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi orúkọ Ààrẹ Alassane Ouattara sọ ti ń fúnni ní ìtànṣán ní Cocody, ní Abidjan, láti 2018. Ní Èkó, ibùdó NSIA-LUTH ṣí ní 2019. Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn tí IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́míìkì, kọ́kọ́ mú nínú ètò Rays of Hope ní 2022, kí àwọn náà lè ní ìtànṣán tiwọn. Àìtó rẹ̀ ṣì pọ̀, èèyàn ṣì ń rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ kò sì lè san owó náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò kankan lórí glioblastoma tó máa gba aláìsàn tí kò lè rí iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán gbà, nítorí náà ibẹ̀ ni owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò IDH, jíìnì kan tó máa ń yí padà nínú àwọn kókó ọpọlọ kan. Láti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ pé kókó tí IDH rẹ̀ kò yí padà nìkan ni wọ́n lè pè ní glioblastoma nínú àgbàlagbà. Níbi tí wọn kò bá ti lè ṣe ìdánwò yẹn, wọn kò lè fi ìdánilójú pe orúkọ àìsàn náà, débi tí wọ́n á fi kọ ọ́ sí ìwé. Àwọ̀ tí wọ́n ń fi sára ẹran kókó láti wá ìyípadà tó wọ́pọ̀ jù kò le, yàrá ìyẹ̀wò ńlá tó bá ní irinṣẹ́ lè ṣe é. Àṣẹ láti Le Plateau tó ní kí wọ́n máa ṣe é fún gbogbo kókó ọpọlọ tí wọ́n bá yọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, láìgba owó lọ́wọ́ aláìsàn, kò ní ná ìjọba ní owó ńlá.

Èyí tó kù ni kíkà. Ìbàdàn ti ń ka jẹjẹrẹ láti 1960, Abidjan láti 1994. Ọkọ̀ ń ti Èjìgbò lọ sí Abidjan, ó ń padà, aláìsàn sì ń bá a lọ. Ẹni tí gìrì kọ́kọ́ mú ní Adjamé lè jẹ́ UCH ni wọ́n ti máa ṣí orí rẹ̀, kí ó sì kú sí ìlú rẹ̀ láìsí lórí ìwé ìlú kankan. Kí àwọn tó ń kọ ìwé méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí fọ́ọ̀mù kan ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fún kókó ọpọlọ: ọjọ́ orí, ọjọ́ tí àmì àìsàn bẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n ti ń lo dexamethasone, àbọ̀ IDH, ìtọ́jú tí wọ́n rí gbà, ọjọ́ tí wọ́n rí wọn kẹ́yìn. Kí Báńkì náà san owó àwọn akọ̀wé àti fìríìjì tí wọ́n á fi tọ́jú ẹran kókó tí wọ́n yọ, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dún yìí.